Má tíì fi sáńpépà kan idà náà

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ tán. O ní wọ́n ń ta ẹrù bàbá olóògbé kan ní Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, o sì ra idà kan níbẹ̀ tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, orí èèkù rẹ̀ jọ orí ẹyẹ, ìpẹtà ti bò ó. Ẹni tó tà á ní bàbá àgbà olóògbé náà ló mú un bọ̀ láti Fílípíìnì nígbà tó ń ṣe sójà. O wá ń bi mí pé ṣé ògidì ni, àti pé irú sáńpépà wo ni kí o fi mú un dán. Ọ̀rọ̀ sáńpépà yẹn ló gbé mi jókòó lálẹ́ yìí. Jọ̀ọ́, gbé idà náà kalẹ̀. Má ṣe nǹkan kan sí i fún oṣù kan gbáko. Ìdọ̀tí tí o fẹ́ nù kúrò yẹn wà lára ẹ̀rí tí a fi máa mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ojú mi ti rí i ni mo fi ń sọ ọ́. Ó pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń kó idà Fílípíìnì jọ níbí ní Houston. Barong ni mo kọ́kọ́ rà, idà àwọn Tausug ti erékùṣù Sulu. Olójú kan ni barong, ó fẹ̀ láàárín bí ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn gan-an lẹ́bàá èèkù, ó sì ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ títí dé ṣónṣó. Dúdú ni tèmi nígbà tí mo rà á, dúdú kan tó mọ́ra, bí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin tí wọ́n ti ń lò tipẹ́. Mo rò pé ẹ̀gbin ni. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ mi kan, a tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán irin, kí ogún ìṣẹ́jú tó pé ó ti ń kọ yànràn bíi dígí. Mo gbé e kọ́ sí ògiri pálọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Tausug, tí òun àti ìyàwó mi jọ ń ṣiṣẹ́, wá jẹun nílé wa. Ó bẹ̀ mí kí n sọ idà náà kalẹ̀ fún òun. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Ó dà á sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó tún un dà, ó fi èékánná rẹ̀ tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìdí dé ṣónṣó. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ta ló ṣe èyí sí i?" Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn alágbẹ̀dẹ wọn máa ń ká irin líle pọ̀ mọ́ irin rírọ̀, wọn a sì fi owú lù wọ́n di ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí a bá wò ó dáadáa, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á wà lára rẹ̀ bí ìlà tó máa ń wà lára pákó tí a gé. Ẹ̀rọ yẹn ti pa ìlà náà rẹ́. Ó ti sọ etí tó yẹ kó mú ṣáṣá di róbótó. Ó ní ní ilé àwọn, pusaka ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ogún tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí ìyá mi, mo gbọ́ ìró ọmọ owú kí n tó mọ̀wé kà, síbẹ̀ mo fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ẹlòmíràn jẹ́. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Ó dáa, ká wá sọ̀rọ̀ tìrẹ. Bí o ṣe júwe rẹ̀, kris ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní kalis. Idà àwọn Moro ni, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí ìhà gúúsù Fílípíìnì, ní Mindanao àti Sulu. Àwọn ará Sípéènì ló sọ wọ́n ní Moro, orúkọ tí wọ́n ti ń pe àwọn Mùsùlùmí Àríwá Áfíríkà tẹ́lẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé keris Indonéṣíà ni. Wọ́n tan mọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n keris Indonéṣíà kéré, gígún ni wọ́n ń fi í gún, èèkù rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìdí ìbọn ìléwọ́. Kris àwọn Moro tóbi, ó wúwo, olójú méjì ni, ó lè gún, ó sì lè ṣá. Má sì rò pé dandan ni kó lọ kọ́lọkọ̀lọ. Kris tó tọ́ gbọnrangandan wà, èyí tó kọ́lọkọ̀lọ dé ìdajì tó wá tọ́ láti ibẹ̀ lọ náà wà. Mo ti rí kris gbọnrangandan tí òǹtajà pè ní idà Yúróòpù, tí mo rà á ní owó tí kò tó nǹkan.

Ibi tí o ti máa mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ni ìdí irin náà, níbi tó ti fẹ̀ jáde lábẹ́ èèkù. Gangya lorúkọ ibẹ̀. Lára kris àtijọ́, irin ọ̀tọ̀ ni gangya. Alágbẹ̀dẹ á rọ ọ́ sọ́tọ̀, á wá fi í wọ ìrù idà, ìyẹn irin tó máa wọ inú èèkù, bí ẹni fi òrùka wọ ìka, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí á fi di bí ara kan náà. Nígbà tó yá, láti nǹkan bí ọdún 1930 síwájú, ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ò ṣe ìyọnu yẹn mọ́. Irin kan ṣoṣo ni wọ́n ń rọ, wọ́n á kàn fi ohun mímú fa ìlà sí i kó lè jọ ti àtijọ́. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ fa ìlà rárá.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Mo máa ń pa iná yàrá, mo á tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba orí irin kọjá, mo á mú awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ìlà tí wọ́n fà lásán máa ń ní ìsàlẹ̀: o máa rí i pé kòtò tóóró kan ni, dídán ló dán nísàlẹ̀ tàbí kí ìdọ̀tí kún un, tó bá sì dé etí irin, á dúró. Ìlà ògidì kì í dúró. Á gba etí kọjá, á yí sí ojú kejì, o sì máa rí i ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ bí ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé. Nígbà mìíràn, ìpẹtà á ti jẹ ibẹ̀ ju ibòmíràn lọ, nítorí omi máa ń wọ àárín irin méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má fi sáńpépà kàn án. Bí o bá fi ha ojú ibẹ̀, o ò ní lè mọ èwo ni kòtò, èwo ni ojú irin méjì mọ́.

Wo bí ìlà náà ṣe parí, pẹ̀lú. Àwa tá a ń kó wọn jọ gbà pé èyí tí ìlà rẹ̀ lọ tààrà láti òpin kan dé òpin kejì, tí irin rẹ̀ sì tín-ín-rín, ló dàgbà jù. Èyí tí ìlà rẹ̀ ṣẹ́ bí igun ní ìparí, tí irin rẹ̀ fẹ̀ tó sì wúwo, ìgbà ogun Sípéènì àti ti Amẹ́ríkà ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí wọ inú ogún ọdún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e. Ìṣirò lèyí, kì í ṣe ìwé ìbí. Alágbẹ̀dẹ abúlé kan lè máa ṣe é bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe é nígbà tí ará ìlú kejì ti yí tiwọn padà.

Nǹkan kejì tí mo máa ń wò ni asang-asang. Ìdè kékeré ni, fàdákà, idẹ, bàbà tàbí irin, tó di gangya mú mọ́ èèkù kí irin má baà yọ lójú ogun. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ méjì. Bí ti idà rẹ bá ti jábọ́, má bínú, má sì lọ rọ òmíràn sí i. Orí ẹyẹ tí o rí yẹn ni wọ́n ń pè ní kakatua, ẹyẹ kan tó bá ayékòótọ́ tan, tó ní ogbe lórí. Igi ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ti àwọn ọlọ́lá, eyín erin tàbí fàdákà ni. Bí tìrẹ bá jẹ́ eyín erin, ìyẹn ọ̀rọ̀ òfin: má tà á kúrò ní ìpínlẹ̀ rẹ, má sì gbé e kọjá ẹnubodè kankan, ì báà ṣe Nàìjíríà tàbí London, láìkọ́kọ́ wádìí ìwé tó yẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin eyín erin tí wọ́n ṣe ní 2018 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 2022, ó sì le.

Mo tún ra ayédèrú rí, má rò pé ọ̀kan péré ni ohun tó ṣe mí. Ọkùnrin kan tó ń ta nǹkan àtijọ́ gbé kris kan lé mi lọ́wọ́, ó ní ti sultan ni, ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ó tún fi àbàwọ́n pupa kan hàn mí pé ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba dọ́là ni mo san. Ìpẹtà lásán ni pupa náà. Nígbà tí mo délé tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, ìlà gangya dúró gbọnin kó tó dé etí irin. Gbogbo irin náà ní ìnípọn kan náà láti ìdí dé ṣónṣó, bí ẹni gé e lára páànù. Iṣẹ́ ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni. Nígbà yẹn, àwọn sójà Amẹ́ríkà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi rántí ibẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ń rọ idà láti ara sípíríǹgì ọkọ̀ jíìpù. Irú wọn ní ẹwà tiwọn, bí wọ́n bá tà á fún ọ ní owó tó yẹ ẹ́. Bí o bá rí alumíníọ́mù lára èèkù, tàbí tí wọ́n kọ "Philippines" gàdàgbà sára àkọ̀, o ti mọ ibi tó ti wá.

Bí o bá ń bá a lọ nínú iṣẹ́ yìí, o máa bá àwọn yòókù pàdé. Kampilan gùn ju gbogbo wọn lọ, ó tín-ín-rín nídìí, ó ń fẹ̀ lọ sí ṣónṣó, ìwo kékeré kan sì sábà máa ń yọ lẹ́yìn ṣónṣó náà. Èèkù rẹ̀ là sí méjì bí ẹnu ọ̀nì tó yà, àwọn kan sì máa ń so irun mọ́ ọn. Pákó méjì tí wọ́n dè pọ̀ lásán ni àkọ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí jagunjagun bá ṣá a, á gé okùn náà já, kò nílò kó fà á yọ. Ti àwọn ará Visayas, ìyẹn àwọn erékùṣù àárín Fílípíìnì, bíi talibong, ojú kan irin rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìkejì nìkan ni wọ́n pọ́n. Ti Luzon, erékùṣù ńlá tó wà níhà àríwá, ọ̀pọ̀ jẹ́ bolo, irú àdá tí àgbẹ̀ lè gbé lọ sóko, àwọn ẹgbẹ́ Katipunan tó ń jà fún òmìnira sì gbé irú rẹ̀ dìde sí Sípéènì ní 1896.

O sọ pé sójà ló mú tìrẹ wá. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Lẹ́yìn tí Sípéènì gbé Fílípíìnì fún Amẹ́ríkà ní 1898 tí Amẹ́ríkà san ogún mílíọ̀nù dọ́là, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti àwọn ará Fílípíìnì ní 1899. Ìjọba Amẹ́ríkà kéde ní 1902 pé ó ti parí, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Moro, ìjà ò tán títí di 1913. Ní oṣù kẹta ọdún 1906, ní Bud Dajo, òkè kan ní erékùṣù Jolo, àwọn sójà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún Moro, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Ní oṣù kẹfà 1913 ni ìjà ti Bud Bagsak, òkè mìíràn ní Jolo, tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ idà tó wà nínú àjà ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, irú ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn. Sójà aláwọ̀ dúdú náà jà ní Fílípíìnì, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹrìnlélógún àti kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nítorí náà o lè bá irú idà bẹ́ẹ̀ nínú ilé àwọn aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé kí o padà lọ sọ́dọ̀ ẹbí náà kí wọ́n tó da ìwé bàbá wọn nù. Béèrè orúkọ sójà náà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, fọ́tò, lẹ́tà, ohunkóhun. Wo ara àkọ̀ dáadáa bóyá wọ́n fi yíǹkì kọ nǹkan sí i. Kris mi kẹta ní bébà kékeré kan tó ti pọ́n, tí wọ́n fi òwú so mọ́ èèkù. Mo gé òwú náà, mo ju bébà náà sínú ike ìdọ̀tí, nítorí ó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́ lójú mi. Mi ò kà á. Orúkọ ìlú àti ọdún lè wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín lè wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè dá ìyẹn padà fún mi.

Àwọn kan nínú ẹbí rẹ máa bi ọ́ léèrè kí ló dé tí o gbé idà tó ti pa èèyàn wọlé. Ìyá ìyàwó mi ò wọ yàrá tí mo kó wọn sí di òní, mi ò sì bá a jà. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe kí ó ti pa èèyàn. Èmi ò gbé wọn kọ́ sí pálọ̀ mọ́, mi ò sì jẹ́ kí ọmọdé fi wọ́n ya fọ́tò. Bí Moro kan bá wá, mo máa ń gbé wọn fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí bàbá yẹn ṣe gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìtọ́jú wá kù. Bí o bá fẹ́ fà á yọ nínú àkọ̀, má fi ìka di àkọ̀ náà mú yíká. Pákó méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ tàbí tí wọ́n fi okùn dè ni, ojú idà lè gba àárín wọn jáde sí ọ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn àkọ̀ ni kí o dì mú, ẹ̀gbẹ́ tí ojú rẹ̀ kò sí, ṣùgbọ́n kris lójú méjì, nítorí náà di pẹrẹsẹ rẹ̀ mú. Fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá há, má fi agbára fà á.

Pupa ni ìpẹtà tó ń jẹ irin lọ́wọ́. Dúdú tó ti dì mọ́ ọn jẹ́ àwọ̀ àgbà, fi í sílẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí o fi pa ibi tó pupa, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Má lo adí, má lo òróró ẹ̀pà. Wọn á dì, wọn á máa lẹ̀, eruku á sì bò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, mú igi bàm̀bú tí o ti gbẹ́ pẹrẹsẹ bí ìfọyín, máa fi yọ ìpẹtà náà díẹ̀díẹ̀. Igi kò lè ha irin. Ibi tó bá ṣì le, fi òróró pa kànrìnkàn irin tó kúnná jù lọ, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí, kí o fi ọwọ́ fúyẹ́ pa á ní ìhà kan ṣoṣo, kí o sì yà fún ìlà gangya. Nù ún, tún òróró pa, tún dúró. Kris tí mo tún ṣe kẹ́yìn gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méje. Bí ó bá mọ́, pa Renaissance Wax sí i tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò; ó dára fún irin, ó sì dára fún igi èèkù. Láti ìgbà yẹn lọ, ìbọ̀wọ́ ni kí o fi máa gbé e. Mo ní kris kan tí ìka ẹni kan ti gbìn sí lára: òógùn ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ irin náà, o lè ka gbogbo ìlà àtàǹpàkò rẹ̀.

Bí èèkù bá ń mì, má fi gúlùù olórí méjì (epoxy) lẹ̀ ẹ́. Oje igi ni wọ́n fi lẹ irin mọ́ èèkù láyé àtijọ́, ìgbóná díẹ̀ lè rọ̀ ọ́, kó tún dì padà. Gúlùù yẹn kì í ṣí mọ́ láìfọ́ igi. Má fi idà sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn nítorí oje yẹn. Má sì fi í pamọ́ sínú àkọ̀. Ìdúró ọdún kan nínú àkọ̀, ní yàrá abẹ́lẹ̀ tó tutù rinrin, ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ sí ara barong kejì mi láti òkè dé ilẹ̀. Tẹ́ ẹ sórí aṣọ òwú mímọ́, tẹ́ àkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì kó àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun, sí i.

Barong tí mo bàjẹ́ yẹn, nígbà tó yá mo fi fínígà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀wàá, mo fi bekin-sódà pa ásíìdì rẹ̀, mo fi omi ṣàn án, mo gbẹ ẹ́ kíákíá, mo fi òróró pa á. Ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ náà padà yọ lápá kan. Ibi tí ẹ̀rọ jẹ jìnnà kò padà. Tìrẹ ò tíì dé ibẹ̀, nítorí náà má fi fínígà kan tìrẹ.

Lálẹ́ ọ̀la, pa iná, tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ya fọ́tò ìdí irin náà ní ojú méjèèjì, ya etí rẹ̀ ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, ya èèkù, ya gbogbo ara àkọ̀ àti ohunkóhun tí wọ́n bá so mọ́ ọn. Fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, má sì tíì nù ún.